Bọ́ọ̀sì Tí Gbogbo Ìlú Lè Dá Dúró

Lẹ́yìn bọ́ọ̀sì tó máa ń gbé màmá mi lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kọ nọ́ńbà fóònù kan síbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin, aárùn-ún, ẹẹ́fà. Lábẹ́ ìyẹn ni wọ́n tún kọ pé: "Ẹ bi mí léèrè ibi tí mo dé." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé àṣìṣe ni. Mo lọ bá páńtà tó kọ ọ́. Ó ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, pé alága ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ló dúró ti òun, tó ń ka nọ́ńbà náà, tó sì ní kí òun kọ ọ́ gàdàgbà kí ojú àgbàlagbà lè tó o.

Ẹ̀rọ tó ni nọ́ńbà yẹn kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Tírákà ni gbogbo wa ń pè é. Síìmù wà nínú rẹ̀ bíi ti fóònù, ó sì ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó wà lójú òfuurufú, èyí tó fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Tí ènìyàn bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè, tó sì fi nọ́ńbà àṣírí kún un, á dá a lóhùn.

Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìwé ìlò ẹ̀rọ bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Nígbà tí rìwáyà, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ń de tírákà mọ́ àwọn bọ́ọ̀sì ní gáréèjì, ńṣe ló ń ju ìwé pélébé inú páálí rẹ̀ sílẹ̀. Mo mú ọ̀kan lọ sílé. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ó yé mi. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ti fi nọ́ńbà àṣírí kan náà sínú gbogbo rẹ̀, oókan dé ẹẹ́fà. Ohun àkọ́kọ́ tí ìwé náà ní kí ẹni tó rà á ṣe ni pé kó pààrọ̀ rẹ̀. Ohun kejì ni pé kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwa kò pààrọ̀ rẹ̀, a sì fi ọ̀dà kọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀.

Wáyà kan sì tún wà. Ó ti ara tírákà lọ sínú ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní rílè, tó tó ṣúgà onígun mẹ́rin kan, láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù tó ń fa epo wá fún ẹ́ńjìnì. Tí ènìyàn bá fi ọ̀rọ̀ òyìnbó tó túmọ̀ sí "dúró" ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà àṣírí yẹn, rílè á gé iná pọ́ǹpù, ẹ́ńjìnì á kú. Ìwé náà ṣàlàyé pé ènìyàn lè tò ó kó jẹ́ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dín eré rẹ̀ kù kó tó gé iná. Ènìyàn sì lè tò ó kó gé e lójú ẹsẹ̀. Alága ní kí rìwáyà tò ó sí ojú ẹsẹ̀, nítorí pé olè kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń ṣe sùúrù fún.

Mi ò bá alága wí lórí ti olè. Wọ́n ti jí bọ́ọ̀sì rẹ̀ kan gbé rí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, lásìkò ìsìn ìdúpẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi rí i, ó ti di páánù lásán nínú igbó kan, kò ní ẹ́ńjìnì, kò ní ìjókòó. Ohun tó mú un kọ nọ́ńbà náà síta náà yé mi. Níbí, kò sẹ́ni tó ń rìnrìn-àjò tí ẹnì kan kì í jókòó de ìró rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní Èkó tí ìyá wọn ń lọ sí Àkúrẹ́, àwọn ọkọ tí ìyàwó wọn ń ti Àkúrẹ́ bọ̀, alága ni gbogbo wọn ń pè. Ṣé wọ́n ti gbéra? Ṣé wọ́n ti dé? Fóònù rẹ̀ kì í sinmi. Ló bá rò ó pé kí kálukú máa bi ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Mo lọ bá a ní gáréèjì.

"Tíṣà," ó ní, "ṣé ohun rere kọ́ ni mo ṣe?"

"Ohun rere ni, sà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n fi ń béèrè náà ni wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnì. Ẹni tó bá lè bi ọkọ̀ léèrè ibi tó dé lè pa á lójú ọ̀nà."

"Ta ló fẹ́ pa á?"

"Ẹnikẹ́ni, sà. Ẹni tó jókòó sí Sókótó lè pa á."

Ó yíjú sí àwọn awakọ̀ tó wà lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ gbọ́. Tíṣà ní ará Sókótó kan ń ṣọ́ bọ́ọ̀sì wa."

"Kó máa bọ̀," ọ̀kan nínú wọn ní, "ó ku ìjókòó kan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn ènìyàn fi rídìí ọ̀rọ̀ ìdúró yẹn. Kì í ṣe ará Sókótó. Ará ilé ni. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dán an wò, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ń ká kòkó tán, gbogbo ìlú ti mọ̀ ọ́n. Kò sì sí ẹni tó fi ṣe ibi. Ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ni pé kí bọ́ọ̀sì má fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá ń pẹ́ á ti inú ilé rẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹ́ńjìnì á kú ní gáréèjì, awakọ̀ á sọ̀kalẹ̀, á fara ti ọkọ̀, á máa retí. Tí onítọ̀hún bá wọlé tán, á fi ọ̀rọ̀ òyìnbó kejì tú ẹ́ńjìnì sílẹ̀, wọ́n á sì máa lọ. Àwọn alágbàṣe tó ń gbé ẹrù bọ̀ láti oko kòkó ń ṣe é. Ìyàwó pásítọ̀ kan ṣe é nítorí agboòrùn tó gbàgbé.

Ó ṣojú mi lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo wà nínú bọ́ọ̀sì. A ti kún, a fẹ́ gbéra, ẹ́ńjìnì kú.

"Ta ló so wá mọ́lẹ̀ báyìí?" awakọ̀ béèrè.

"Ẹ ní sùúrù, dírẹ́bà," obìnrin kan tó wà lẹ́yìn mi ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ń wẹ ọmọ lọ́wọ́."

"Ọmọ mélòó ló ń wẹ̀?"

"Ọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n ó dọ̀tí."

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo dìde nínú bọ́ọ̀sì, mo ṣàlàyé rílè fún wọn, mo ṣàlàyé pọ́ǹpù, mo sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ọwọ́ ẹnì kan bá ṣèèṣì tẹ ìdúró nígbà tí a bá wà lójú eré. Bàbá arúgbó kan tó jókòó nítòsí fèrèsé tẹ́tí sí mi dé òpin. Lẹ́yìn náà ló fi èdè Ìdànrè sọ fún mi pé kí n jókòó, pé aago ilé ìwé kò tíì lù.

Bẹ́ẹ̀ ni ìlú ń bá a lọ. Ohun tó wá sọ ọ́ di tèmi ni ojú màmá mi.

Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti lọ. Dókítà ní ìfúnpá inú ojú ló pa á, pé ti òsì náà ní in, pé bí wọn kò bá ń wọ̀n ọ́n déédéé kí wọ́n sì máa yí oògùn rẹ̀ padà bó ṣe yẹ, òun náà á lọ, èyí tó bá sì lọ kì í padà. Ilé ìwòsàn ojú yẹn, Àkúrẹ́ ló wà. Mi ò ní mọ́tò. Ọ̀kadà kò ṣeé gbé arúgbó tó ń fi ojú kan ríran lọ síbẹ̀. Àwọn táksí ìlú wa náà, ẹgbẹ́ kan náà ló ni wọ́n, tírákà kan náà ló wà nínú wọn. Bọ́ọ̀sì ló kù.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, màmá mi ti jáde tán kí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, tó rí i pé ó gbàgbé káàdì ìwòsàn rẹ̀ sórí tábìlì. Láìsí káàdì, wọn kì í dá ènìyàn lóhùn níbẹ̀. Àǹtí mi pè é, fóònù rẹ̀ kò lọ. Bọ́ọ̀sì ti yà kó èrò ní Atosin, bó ṣe máa ń ṣe, lẹ́bàá òkúta ńlá kan tí kì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ ìdí rẹ̀. Àǹtí mi wá ṣe ohun tí gbogbo ìlú ń ṣe. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìdúró ránṣẹ́ sí bọ́ọ̀sì, ó gun ọ̀kadà, ó ń gbé káàdì náà tọ̀ ọ́ lọ.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe ìpè. Ìpè tí kò bá wọlé ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò bá bá ẹni tí wọ́n rán an sí, àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á máa gbìyànjú títí onítọ̀hún yóò fi dé ibi tí àmì wà. Bọ́ọ̀sì gbéra ní Atosin láìgbọ́ nǹkan kan. Ó yí òkúta náà ká. Ìgbà téèyàn bá yí òkúta yẹn ká tán ni ọ̀nà máa ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, tó sì tún ṣẹ́ kọ́nà. Ibẹ̀ gan-an náà ni àmì ti máa ń padà wọlé. Iṣẹ́ tí wọ́n rán sí ọkọ̀ tó dúró wá bá ọkọ̀ tó ń sáré.

"Tíṣà, sítíárìn le mọ́ mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí ẹnì kan dì í mú nísàlẹ̀," awakọ̀ náà sọ fún mi lẹ́yìn náà. "Mo tẹ bíréèkì, ó gbà díẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó gan."

Ẹ́ńjìnì ló ń bá awakọ̀ yí sítíárìn, òun náà ló ń bá a tẹ bíréèkì. Tó bá kú, agbára ẹsẹ̀ àti apá ènìyàn nìkan ló kù. Ọkùnrin náà fa bíréèkì ọwọ́, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì ha òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún títí ó fi dúró. Kò sí òkìtì lápá òsì. Ọ̀gbun ló wà níbẹ̀. Àwọn èrò fara pa díẹ̀díẹ̀. Màmá mi fi iwájú orí gbá irin ìjókòó tó wà níwájú rẹ̀, lókè ojú òsì gan-an, ibẹ̀ sì wú bí ẹyin.

Wọ́n ṣì ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà àǹtí mi dé. Ó na káàdì náà sókè.

"Ẹ ṣeun tí ẹ dúró dè mí," ó ní.



Nígbà tí mo délé, mo ṣàlàyé fún àǹtí mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Mo ní kó dúró ní Atosin," ó wí. "Èmi ò ní kó dúró lórí gẹ̀rẹ́." Òótọ́ ló sọ. Ohun tó ń sú mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, pé òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ.

Màmá mi kò gbọ́ àlàyé kankan. "Mi ò wọ ọkọ̀ tí ará ilé mi lè pa lójú ọ̀nà mọ́," ó ní. "Ojú kan ṣì ń ríran. Ó tó mi lò nínú ilé."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Tí ẹ ò bá lọ, òun náà á lọ."

"Kó lọ nígbà tí mo jókòó. Ó sàn ju kí èmi àti òun jọ lọ lọ́jọ́ kan náà."

Ilé ìwòsàn fún wa ní ọjọ́ mìíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé kò ní lọ bí mi ò bá yọ ọwọ́ ìlú kúrò nínú ẹ́ńjìnì bọ́ọ̀sì. Mo bẹ alága títí ó fi pe àwọn awakọ̀ jọ sábẹ́ àtíbàbà gáréèjì. Èrò tó ń dúró de ọkọ̀ náà jókòó tì wá. Mo mú màmá mi dání, kí wọ́n lè rí iwájú orí rẹ̀. Mo mú ìwé pélébé mi dání pẹ̀lú.

Alága kí màmá mi dáadáa, ó bá a kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, àwọn yóò pààrọ̀ nọ́ńbà àṣírí náà.

"Ẹ ṣeun, sà," mo ní.

"A ó kọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹẹ́fà, aárùn-ún, ẹẹ́rin, ẹẹ́ta, eéjì, oókan. Kò ní ṣòro fún ará ìlú láti rántí. Páńtà ń bọ̀ lọ́la."

Mo gbé orí mi sọ́wọ́.

"Ẹ má sì yọ ìdúró o," obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ní. "Tíṣà ń rìn lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Àwa tí à ń bọ̀ láti oko ńkọ́? Ṣé kó máa fi wá sílẹ̀ ni?"

Ọkọ̀ alága fúnra rẹ̀ wà níwájú àtíbàbà, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, nítorí kò fẹ́ kí atẹ́gùn tútù inú rẹ̀ kú. Nọ́ńbà tirẹ̀ náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn wọ́n. Mo yọ fóònù mi, mo kọ ọ̀rọ̀ ìdúró, mo rán an. Kò pẹ́ rárá, ọkọ̀ náà kú. Mo wo ojú alága. Mo rò pé ẹ̀rù á bà á.

Ó na ọwọ́ sí ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹ rí i bó ṣe yá tó? Ẹni tó tà á fún mi kò parọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo ti ń ká ìwé mi láti máa lọ nígbà tí màmá mi sọ̀rọ̀. Kò dìde. "Alága, ṣé bàbá rẹ kì í gun ọ̀pẹ?"

"Ó ń gùn ún, Ìyá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

"Bó bá dúró nílẹ̀ pẹ̀lú igbà nídìí, tí mo pè é pé kó tú igbà kó wá jẹun, ṣé mo ṣe búburú?"

"Rárá, Ìyá."

"Tí ohùn mi kò bá wá dé etí rẹ̀ àfi ìgbà tó ti wà lókè ńkọ́?"

Alága rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bàbá mi á kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ná."

"Ẹ̀rọ tìrẹ yìí kì í wo ìsàlẹ̀," màmá mi wí.

 Awakọ̀ tó gbé wọn lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dìde. "Èmi ni mo wà lórí ọ̀pẹ, alága. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ nínú tèmi. Ibi tí mo dé, kí wọ́n máa béèrè. Ìdúró, ẹsẹ̀ mi ni kó máa ṣe é."

"Olè ńkọ́?"

"Kí olè wá bá mi lórí ìjókòó."

Alága fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ tó bá fẹ́ yọ ọ́ yọ ọ́, ẹni tí kò bá fẹ́, òun kò ní fipá mú un. Gbogbo wọn gbà pé àwọn fẹ́. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo. Ọ̀kan ní lẹ́yìn ọjà. Ọ̀kan ní tí òun bá ti ra táyà. Àwọn yòókù ní kò sí wàhálà, Tíṣà, kò sí wàhálà rárá.

Bọ́ọ̀sì kan péré ni wọ́n ti yọ ọ́ nígbà tí ọjọ́ ilé ìwòsàn pé. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé wa, mo dúró ti rìwáyà títí ó fi ṣe é tán. Yíyọ nìkan kò tó. Tí wọ́n bá kàn fa rílè jáde, iná kò ní dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, bọ́ọ̀sì kò sì ní jí. Wọ́n gbọ́dọ̀ so orí wáyà méjèèjì pọ̀ tààrà, kí wọ́n sì fi téèpù dúdú wé e kí ó má fara kan irin. Rìwáyà fẹ́ kàn lọ́ wọn pọ̀ lásán. Mo ní kó jó o pọ̀ pẹ̀lú òjé. Ó kanra mọ́ mi, ṣùgbọ́n ó jó o.

Awakọ̀ ta ẹ́ńjìnì. Màmá mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Rán an," ó ní.

"Mo ti rán an, Màmá."

"Tún un rán."

Mo tún un rán. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lọ. Màmá mi nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó wọlé síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó sì ní kí n ti ilẹ̀kùn dáadáa. Wọ́n lọ.

Bọ́ọ̀sì tó kàn ti ń kó èrò. Mo rántí ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọkàn mi kò lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yẹn, pé ní Àkúrẹ́, wọ́n ń tò sórí ìlà ni. Èyí tó gbé ènìyàn lọ kọ́ ló ń gbé e bọ̀. Èyí tó wà níwájú mi yìí ni yóò dé Àkúrẹ́ tẹ̀ lé tiwọn, òun ló sì ṣeé ṣe kó gbé màmá mi padà gba ọ̀nà gẹ̀rẹ́ yẹn lọ́sàn-án.

Mo lọ bá awakọ̀ rẹ̀. "Rìwáyà ṣì wà níbí," mo ní, "ẹ jẹ́ kó ṣe tiyín náà."

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n gbé èrò yìí lọ ná. Tí mo bá dé, a ó ṣe é."

"Tí ẹ bá dé, ẹ ti gbé màmá mi bọ̀ nìyẹn."

"Kí ló ṣe màmá yín? Mi ò ní fi wọ́n sílẹ̀."

"Tíṣà, ẹ kúrò lọ́nà, a ń pẹ́," ẹnì kan pariwo láti inú bọ́ọ̀sì. Ẹlòmíràn pòṣé.

Mo bọ́ síwájú bọ́ọ̀sì. Awakọ̀ fọn fèrè, ó tún fọn ọ́n, ó gbé ọwọ́ lé e kò gbé e kúrò mọ́. Mo yíjú sí rìwáyà, mo ní kó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.